Àtẹ̀gùn Tí Bàbá Mi Gbẹ́ Sínú Ihò

Òórùn ilẹ̀ tútù ló kọ́kọ́ máa ń padà wá bá mi bí mo bá rántí ọdún tí bàbá mi gbé lọ́dọ̀ wa. Kì í ṣe òórùn ẹrẹ̀, kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Òórùn inú ilẹ̀ gan-an ni, níbi tí oòrùn ò dé rí, irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ tí ọṣẹ kì í lè mú kúrò tán. Nígbà yẹn, bí mo bá dé ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á máa bi mí bóyá oko ni mo gbà kọjá kí n tó wá síbi iṣẹ́. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé inú ihò ni èmi àti bàbá mi ti ń lo gbogbo ọjọ́ ìsinmi mi.

Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti ọkọ mi fi gbé inú fúláàtì oníyàrá méjì ní Hillcrest Heights, ní ìpínlẹ̀ Maryland, kí a tó ra ilẹ̀ náà. Ọkọ mi ń wa tírélà káàkiri Amẹ́ríkà, ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́nà kó tó wálé. Gbogbo ọ̀rẹ́ wa tó bá fẹ́ ra ilé, Mitchellville ni wọ́n ń sáré lọ, níbi tí ilé ti ń dán, tí koríko iwájú ojúlé kan ò yàtọ̀ sí ti èkejì. Èmi ni mo taku pé oko ni mo fẹ́. Mo ti wo fídíò àwọn tó ń sin adìẹ títí mo fi gbà pé èmi náà lè ṣe é. A rí éékà méje ní ìsàlẹ̀ Brandywine, níbi tí ọ̀nà ti di tóóró, pẹ̀lú ilé kékeré kan àti abà tí wọ́n ti ń sá tábà láyé àtijọ́, tí pákó rẹ̀ ti ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdajì ilẹ̀ náà jẹ́ igbó tó da gẹ̀rẹ́ lọ sí etí odò kékeré kan. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi ò rìn débẹ̀ rí, nítorí ẹ̀rù ejò àti eégbọn ń bà mí. Mo ń pe ara mi ní olóko, ilá mẹ́fà péré ni mo gbìn, àgbọ̀nrín sì jẹ márùn-ún nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ kànga gbígbẹ́ ni bàbá mi fi tọ́ wa ní Ọ̀yọ́. Ó lé ní ogójì ọdún tó fi ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀ onílẹ̀, títí ìka ọwọ́ rẹ̀ ò fi lè nà tán mọ́. Nígbà tí a ń wá físà fún òun àti ìyá mi, wọ́n fún un, wọn ò fún ìyá mi. Ìyá mi ló ní kó máa bọ̀, pé òun á tẹ̀lé e. Nígbà tó dé, lọ́yà wa bá a kọ̀wé kó lè gba káàdì ẹni tó ń gbé ìlú yìí, ó sì kìlọ̀ fún wa pé kò gbọdọ̀ jáde títí ìwé náà á fi dé, pé bó bá jáde, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí tirẹ̀ bá ti dé, a ó wá bẹ̀rẹ̀ ti ìyá mi. Ètò náà dára lójú mi, mo sì máa ń fi í yangàn ní mọ́ṣáláṣí.

Àmọ́ ilé sú Bàbá. Ní àdúgbò wa, ẹni tí ò bá lè wa mọ́tò, ilé ló máa jókòó sí. Á kírun àsùbáà, á jókòó sójú fèrèsé, á máa wo ọ̀nà tí mọ́tò kan kì í kọjá níbẹ̀ fún wákàtí kan gbáko. Nígbà tó yá, ó ṣá ọ̀pá kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí rin ilẹ̀ wa ká. Kí oṣù kan tó pé, ó ti mọ gbogbo igi tó wà lórí ilẹ̀ tí èmi tí mo rà á ò tíì rin ìdajì rẹ̀. Ìjì kan wá jà ní ìparí ìgbà òtútù, ó wó igi ńlá kan létí odò. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá pè mí lórí fóònù láti inú igbó.

“Ọmọ mi, gbé àbẹ́là àti ìṣáná wá. Má gbé tọ́ọ̀ṣì nìkan.”

Mo bá a níbi tí gbòǹgbò igi náà ti fa ilẹ̀ ya. Ẹnu ihò kan ṣí sílẹ̀ lára gègéré náà, kò ju kí èèyàn tẹ̀ ba kó fi lè wọlé. Atẹ́gùn kankan ò fẹ́ lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ ewé gbígbẹ tó wà lẹ́nu rẹ̀ ń mì. Bàbá ní kí n na ọwọ́ síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù ń jáde láti inú.

“Ó jìn,” ni Bàbá wí. “Ihò tí ò jìn kì í mí báyìí.”

Èmi ti tan iná fóònù mi, mo ti fẹ́ kó sínú rẹ̀ láti ya fọ́tò. Ó fà mí lẹ́wù padà. Ó so àbẹ́là mọ́ orí ọ̀pá rẹ̀, ó ń tì í síwájú díẹ̀díẹ̀, ó ń wò ó bóyá iná rẹ̀ á rẹlẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń mọ̀ nínú kànga bóyá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣeé mí. Lẹ́yìn náà ó mú díígà, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri, ó gbọ́ bó ṣe dún, ó kan òrùlé, ó tún gbọ́ bó ṣe dún. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó ní kí n tẹ̀lé òun. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin péré ni mo gbé tí kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan tó jọ ìrẹ̀ fò mọ́ mi lọ́rùn. Igbe tí mo ké, bàbá arúgbó kan tó ń gbé lódìkejì títì gbọ́ ọ. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ti tó oṣù márùn-ún tó ti dé ọ̀dọ̀ wa, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nìyẹn.

Ihò mẹ́ta la rí kí oṣù náà tó parí. Èkínní ò ju ilé ìdáná wa lọ. Èkejì ga tó kí Bàbá dúró ṣánṣán. Ìsàlẹ̀ èkejì yìí ni ọ̀nà ẹ̀kẹta wà, ọ̀nà tóóró tí èèyàn á fi àyà fà gba ibẹ̀ kó tó já sí yàrá kan tí ògiri rẹ̀ kún fún ìkarahun láti òkè délẹ̀. Ìkarahun inú òkun ni, nínú igbó tó jìnnà sí òkun. Eyín ẹja ńlá wà láàárín wọn, dúdú, tó ṣì mú. Mo fi ìka mi kan ọ̀kan nínú wọn. Nínú gbogbo ohun tí mo ti rà ní Amẹ́ríkà, mi ò ra ohun tó tó báyìí rí, mi ò sì mọ̀ pé mo rà á.

Bàbá òdìkejì títì náà, adúláwọ̀ ọmọ ìlú yìí tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti dá tábà ní àdúgbò náà, ló là wá lọ́yẹ. Ó ní àwọn ẹrú ló gbẹ́ ẹ, pé wọ́n ń wa ilẹ̀ oníkarahun náà jáde láti fi sọ ilẹ̀ oko tábà tó ti ṣá dọ̀tun. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Bàbá. Ó gbé àbẹ́là sún mọ́ ògiri, ó ń fi ìka tọ ojú ibi tí irin ti bà. Ó ní èèyàn méjì ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀, pé ọlọ́wọ́ òsì ni ọ̀kan, òun ló sì mọṣẹ́ jù. Láti ọjọ́ náà, kò wọ inú ihò yẹn kó má kọ́kọ́ dúró lẹ́nu rẹ̀ kó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Ó kọ́kọ́ ń pa mí lẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, èmi náà ń kí wọn.

Gbogbo ohun tí a bá rí, ó gbọ́dọ̀ ròyìn rẹ̀ fún ìyá mi. Bàbá ò mọ̀wé, àmọ́ ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù, ó sì mọ̀ pé bí àmì kékeré méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá ti di búlúù, ẹni tó fi ránṣẹ́ sí ti gbọ́. Ìyá mi á fi ohùn tirẹ̀ fèsì, a ó gbé fóònù sáàárín wa, a ó jọ máa gbọ́ ọ.

“Ẹ gbéra ní Ọ̀yọ́, ẹ wọ bàálù, ẹ dé Amẹ́ríkà, ẹ tún lọ kó sí kòtò. Bàbá, ṣé ẹ ò lè sinmi ni? Èmi ò lè wọ ibẹ̀ o, eékún mi ò gbà.”

Bàbá ò fi ọ̀rọ̀ eékún náà ṣeré. Ó ní òun á gbẹ́ àtẹ̀gùn láti ihò kejì lọ dé ìdí ihò oníkarahun, àtẹ̀gùn tó máa rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn, tí ìyá mi á fi sọ̀ kalẹ̀ láìdi ẹnikẹ́ni mú. Ó yọ pákó lára abà àtijọ́ náà, ó fi ti òrùlé ró, ó fẹ ọ̀nà tóóró náà díẹ̀díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́. Èmi ń fi garawa kó erùpẹ̀ jáde. Ibi iṣẹ́ yẹn ló ti sọ fún mi pé àdéhùn kan wà láàárín òun àti ìyá mi láti ìgbà èwe wọn: bí ìyá mi bá ṣáájú òun lọ, ọwọ́ òun ló máa gbẹ́ ibojì rẹ̀. Ó ní òun ti rí èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń gbẹ́, pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í tọ́, òun ò sì ní jẹ́ kí wọ́n tẹ́ aya òun sínú ohun tí kò tọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo gbé garawa mi jáde.

Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló ti gbẹ́ nígbà tí ìyá mi kú. Ọjọ́bọ̀ kan ni, nínú oṣù kẹrin. Mo ń lọ síbi tí mo gbé mọ́tò sí níbi iṣẹ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè láti Ọ̀yọ́. Ó ní inú ló run ún láàárọ̀, kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, kò sí mọ́. Wọ́n sì ti sin ín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà mọ́tò mi. Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ́ kí n sunkún tán.

“Àbúrò, gbọ́ mi. Bàbá ò gbọdọ̀ gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ńkọ́? Tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀ wálé, ìwé tí ẹ ń dúró dè á sì bàjẹ́. A ti sin ín, kí ni wọ́n fẹ́ wá ṣe? Jẹ́ kí káàdì yẹn jáde ná.”

Bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú ẹbí wa nìyẹn. Nígbà tí àbúrò bàbá mi kú tí mo ń múra ìdánwò nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi pa á mọ́ fún mi, wọ́n ní torí kí ọkàn mi lè balẹ̀ ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo gbà sí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu kíákíá. Mo ní torí ìwé ni, mo ní torí ẹ̀jẹ̀ ríru ni, bẹ́ẹ̀ ìdí kan tún wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi kì í gbélé, inú kànga ẹlòmíràn ló máa ń wà. Ìgbà tí mo lé lógójì ọdún ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní bàbá tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń ṣe nǹkan. Mi ò fẹ́ kó lọ.

Ojú mi ti wú kí n tó délé. Mo sọ fún un pé lẹ́búlẹ́bú òdòdó igi tó máa ń bo gbogbo mọ́tò ní Maryland lásìkò yẹn ló kó sí mi lójú. Ó bu omi fún mi kí n fi bọ́jú, ó sì ṣàdúrà sí ojú mi. Láti ọjọ́ náà, ihò kẹta ni mo ti ń sunkún ìyá mi. Bí Bàbá bá sùn lọ́sàn-án, mo máa ń tẹ̀ ba wọ ibẹ̀, mo máa ń gbé orí lé ògiri oníkarahun náà, mo máa ń ké títí ọ̀fun mi á fi há, nítorí mo mọ̀ pé ohùn ò lè ti ibẹ̀ dé ilé. Lọ́jọ́ kan ó bá mi lẹ́nu ihò, erùpẹ̀ bo gbogbo ojú mi. Ó ní inú òun dùn pé ọmọ òun fẹ́ràn inú ilẹ̀ bíi tòun.

A ní ọ̀fun ló ń dun ìyá mi, dókítà ní kó má sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, a ní ó ti lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní abúlé, pé ìpè kì í wọlé dáadáa níbẹ̀. Fóònù ìyá mi wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Bí Bàbá bá fi ohùn ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi á ṣí i, àmì méjì náà á di búlúù. Bàbá á wò ó, á ní, “Ó ti gbọ́.” Á fi fóònù sápò, á padà sídìí iṣẹ́.

Bó bá sì ti gbẹ́ àtẹ̀gùn kan tán, á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Á ní kí Ọlọ́run mú ọ̀fun aya òun yá, kó fún un ní àlàáfíà àti ẹ̀mí gígùn, kó mú un débí kó wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ohun tí òun ṣe. Èmi á ní, “Àmín.” Garawa á wà lọ́wọ́ mi, màá máa ṣe àmín sí ẹ̀mí gígùn ẹni tó ti wà nínú ilẹ̀.

Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, mo se ìrẹsì àti ẹran lọ sí mọ́ṣáláṣí fún sàráà. Mo ti bẹ gbogbo èèyàn ṣáájú. Àwọn obìnrin ń dì mọ́ mi láìsọ̀rọ̀, àwọn ọkùnrin ń bọ Bàbá lọ́wọ́, wọ́n sì ń wo ẹ̀gbẹ́ kan. Mo sọ fún un pé ọpẹ́ iṣẹ́ ni mo ń dá. Bàbá jẹ nínú sàráà aya rẹ̀, ó ní ìrẹsì náà dùn, ó sì ní kí wọ́n bu díẹ̀ sí i fún òun. Nígbà tí a ń padà bọ̀ nínú mọ́tò, ó ní, “Àwọn ará mọ́ṣáláṣí yín yìí mà fẹ́ràn mi o.” Mo gbájú mọ́ ọ̀nà, mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Ọkọ mi nìkan ló ta kò mí. Ìgbàkígbà tó bá dé láti ojú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

“Honey, sọ fún Bàbá, please. This is not right. Tí wọ́n bá lọ gbọ́ ọ níta ńkọ́?”

“Tí green card bá ti dé, màá sọ fún wọn.”

“Ohun tí o sọ last month náà nìyẹn. Èmi ò ní purọ́ fún wọn o. Tí wọ́n bá bi mí, màá sọ.”

Bàbá ò bi í. Ọkọ mi kàn ń yẹra fún un nínú ilé, Bàbá sì rò pé àárẹ̀ ọ̀nà ni.

Nínú oṣù kẹjọ, àtẹ̀gùn náà pé mọ́kànlá. Bàbá tún gbẹ́ àga kan jáde lára ògiri ihò oníkarahun náà, ó ń fi ìbú ọwọ́ wọn gíga rẹ̀, nítorí ó mọ ibi tí eékún ìyá mi máa ń dé bó bá jókòó. Nígbà tó parí rẹ̀, ó ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní ì báà jẹ́ “ẹ kú iṣẹ́” lásán ni kó sọ, pé ọ̀fun wo ló ń dun èèyàn fún oṣù mẹ́rin tí kì í yá. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kó bá mi wá nǹkan kan ṣe. Ó tú inú fóònù ìyá mi, ó rí ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tí kò dárúkọ ọjọ́ tàbí ibì kankan, ó fi í ránṣẹ́ sórí fóònù mi bí ẹni pé ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ní yàrá mi. Mo rò pé a ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọ̀sán Sátidé ni. Bàbá jókòó sórí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn, àbẹ́là wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo tẹ fóònù mi.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo ohun tí ẹ wí ni mo gbọ́. Ẹ rọra máa ṣe é, ẹ má kánjú. Ọlọ́run á jẹ́ ká ríra.”

Ohùn ìyá mi kún inú ihò náà. Mo ń wo Bàbá, mo ń retí kó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Ó wá yọ fóònù tirẹ̀ lápò, ó tẹ̀ ẹ́, ohùn kan náà jáde, ọ̀rọ̀ kan náà, ikọ́ kékeré kan náà níparí rẹ̀.

“Láti ọ̀sẹ̀ tí mo ti dé ìlú yìí ni mo ti ní èyí,” ó ní. “Bí mo bá ti kírun àsùbáà tán, òun ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́.”

Ó fi fóònù náà padà sápò.

“Ìgbà wo ni ẹ sin ín?”

Mo kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ níbẹ̀, mo sọ fún un. Mo sọ ọjọ́, mo sọ ohun tó ṣe é. Ó gbọ́ ọ tán, kò sunkún, ó ń wo iná àbẹ́là.

“Ta ló gbẹ́ ibojì rẹ̀?”

“Mi ò mọ̀, Bàbá.”

“Ilẹ̀ ibẹ̀ ńkọ́, ṣé ó le? Ṣé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́?”

“Mi ò mọ̀, Bàbá. Mi ò bi wọ́n.”

“Àwọn ará mọ́ṣáláṣí, ṣé wọ́n mọ̀?”

“Wọ́n mọ̀, Bàbá.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí ka gbogbo àwáwí mi sílẹ̀. Mo dárúkọ lọ́yà, mo dárúkọ ẹ̀jẹ̀ ríru, mo ní bí a bá tilẹ̀ sọ fún un lọ́jọ́ náà gan-an, bàálù wo ni ì bá gbé e dé kí wọ́n tó sin ín. Ó gbé ọwọ́ sókè, mo dákẹ́.

“Mo mọ̀ pé mi ò lè bá a. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run pé kó mú ọ̀fun rẹ̀ yá. Àdúrà tó yẹ kí n máa ṣe fún un, kí Ọlọ́run forí jì í, kó fẹ ibojì rẹ̀ lójú, kó tan ìmọ́lẹ̀ sí i, mi ò ṣe ẹyọ kan. Oṣù mẹ́rin, ọmọ mi. Ó ń retí àdúrà mi níbẹ̀, èmi ń tọrọ ọ̀fun. Ìwọ sì ń ṣe àmín.”

Ó fọwọ́ ti ògiri dìde, ó gun àtẹ̀gùn mọ́kànlá náà jáde. Mo tẹ̀lé e dé etí odò. Ó ṣe àlùwàlá, ó bọ́ ẹ̀wù tó kún fún erùpẹ̀, ó kọjú sí gábàsì. Mo lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀ kí n lè bá a kírun sí ìyá mi. Kò wẹ̀yìn. Ó ní, “Máa lọ sílé.” Ọ̀nà inú igbó ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ ẹkún rẹ̀, ẹkún àgbàlagbà tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sunkún, tó ń dá a dúró tó sì tún ń jáde. Ọkàn mi gbọgbẹ́ lọ́jọ́ náà, ọgbẹ́ ọ̀hún ò tíì jinná.

Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi. Ó kàn ní kí a bá òun wá tíkẹ́ẹ̀tì, lọ́yà sì sọ̀rọ̀ títí, Bàbá ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn fún. Ní pápákọ̀ òfuurufú, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣe àdúrà tí bàbá ń ṣe fún ọmọ, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ní òun ti forí jì mí. Mo gbà á gbọ́, ara sì tù mí nínú mọ́tò bí mo ṣe ń padà sílé, nítorí nígbà yẹn mo rò pé bí wọ́n bá ti forí ji èèyàn, ó parí. Káàdì náà dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tó lọ. Àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀, ó wọ fìlà tí mo rà fún un.

Mo lọ jókòó lórí àga inú ihò náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ga jù fún mi díẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò balẹ̀. Ìyá mi ga jù mí lọ. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, òjò ńlá kan wó iwájú ihò kejì lulẹ̀, ọkọ mi sì kan pákó dí ìyókù nítorí ewu. Àwọn tó bá wá kí wa máa ń ní kí a ṣí i kí àwọn wò ó, mo máa ń ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Bàbá ti lé lọ́gọ́rin ọdún báyìí. Ó ti tún ibojì ìyá mi ṣe fúnra rẹ̀, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń lọ síbẹ̀ lọ ṣàdúrà, ẹ̀gbọ́n mi ní ó máa ń pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Gbogbo ọjọ́ Àìkú la máa ń sọ̀rọ̀. Ó máa ń béèrè iṣẹ́ mi, ó máa ń béèrè ilá mi, ó ṣì máa ń pè mí ní ọmọ mi. Àmọ́ bí mo bá sọ pé ara ẹnì kan yá, á ní kí n gbé fóònù fún ẹni náà. Bí mo bá sọ pé ara tèmi yá, á ní kí n fún ọkọ mi, kí ọkọ mi sọ ọ́. Kì í fi ìbínú sọ ọ́. Mo ti ronú lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ti gbà pé ohun tí mo gbé tà fún káàdì kan nìyẹn, mi ò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń rà á padà.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọkọ mi. Kì í ṣe ohun ńlá, ọjọ́ kejì ló ti wálé. Mo pe Bàbá lọ́sàn-án.

“Bàbá, iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa. Ó ti wà nílé.”

“Alihamudulilaahi. Gbé e fún un.”

“Ó ń sùn, Bàbá. Oògùn tí wọ́n fún un ló ń kùn ún lóorun.”

“Mo gbọ́. Má jí i. Màá dúró.”

Mo ní ó máa pẹ́. Ó ní kò burú. Mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbé fóònù lé itan mi, a ń dúró. Ó lé ní wákàtí kan. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí, mo ń gbọ́ tẹ̀sùbáà rẹ̀ tó ń dún lọ́wọ́ rẹ̀, èmi náà ò sì rí ọ̀rọ̀ kan tí mo lè sọ tó máa gbà. Nígbà tí ọkọ mi lajú, mo gbé fóònù sí i létí. Bàbá gbọ́ ohùn rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó kí i kú ewu, ó sì pa fóònù. Kò ní kí wọ́n gbé e padà fún mi.